Ta Ló Ní A Kò Ṣí Aago Náà Rí?

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àjò. Mo gbà pé ara rẹ le, bí mo ṣe fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ mi tó wú nígbà ìsìnkú ìyá rẹ ti rọ̀. Mò ń jẹun, mo sì ń rí oorun díẹ̀ sùn. Èyí tó kù nínú lẹ́tà yìí kì í ṣe ìkíni. Inú ń bí mi sí ọ, ó di ọjọ́ mẹ́rin báyìí, nítorí náà jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, oníṣòwò aago tí o gbé aago ọwọ́ ìyá rẹ fún kí o tó padà sẹ́nu iṣẹ́ pè mí. Ó ní fóònù rẹ kò wọlé, pé kí ẹnì kan nínú ẹbí wá gbọ́ iye tí òun lè san. Mo wọ ẹ̀wù mi tó mọ́, mo lọ. Inú ṣọ́ọ̀bù náà tutù bí inú fìríìjì. Ọkùnrin náà, tòun ti táì lọ́rùn rẹ̀, kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá ní, "Bàbá, aago yìí dára, ṣùgbọ́n ìdajì iye rẹ̀ ni mo lè san. Ọmọ yín ní ẹnikẹ́ni kò ṣí i rí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti wà nílé yín. Aago tí kò rí epo fún irú àkókò bẹ́ẹ̀, irin á ti máa jẹ irin nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rà á, kó tó gbé e sọ́wọ́, á kọ́kọ́ náwó sí i."

Mo ní, "Ta ló ní a kò ṣí i rí?" Ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. Ìkọ̀wé rẹ ni mo rí, ìkọ̀wé tí mo di ọwọ́ rẹ mú kọ́ ọ: "A kò ṣí i rí." O sì fọwọ́ sí i!

Ṣé orí rẹ pé? Ṣé kò ṣojú rẹ ni? Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni ìyá rẹ ń tú aago yẹn palẹ̀ lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Yóò lé gbogbo wa jáde, kò ní jẹ́ kí a tan fáànù, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé irin tí kò tó hóró iyanrìn wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. O fẹ́ sín lọ́jọ́ kan, ó sáré fi ọwọ́ bò ọ́ nímú. Òkú aago ló rà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú nù, òun ló jí i. Ó ń fọ irin rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pààrọ̀ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, ó ń kán epo tó kéré ju omijé èèrà lọ sí i. Ìgbà tí mo ní kó kúkú ha ara aago náà kó máa dán, ó bú mi: "Bàbá wọn, ẹ gbájú mọ́ ọkọ̀ tí ẹ̀ ń wà. Irin tí a bá ti ha kúrò, kì í hù padà. Ẹni tó máa rà á lọ́la fẹ́ kí inú rẹ̀ mọ́, kí ara rẹ̀ sì wà bí wọ́n ṣe ṣe é."

Mo ní kí oníṣòwò náà ṣí i lójú mi. Ó fi awò sójú, ó yí ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ inú rẹ̀ títí tí mo fi rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ó wá ní, "Bàbá, epo inú aago yìí mọ́ ju ti inú ọkọ̀ mi lọ. Ta ló ń tọ́jú rẹ̀?" Ó yí ìdérí náà sí mi. Àmì tí àwọn alátùn-únṣe aago máa ń fi abẹ́rẹ́ fà sínú ìdérí, kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn wọn lè mọ̀, ló wà níbẹ̀. Àmì ìyá rẹ, pẹ̀lú ọjọ́, lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìkẹfà jẹ́ ti ọdún tó ṣáájú àìsàn rẹ̀. Mo sunkún níwájú àwọn oníbàárà, ojú kò tì mí.

Mo ní ìyàwó mi ni. Ọkùnrin náà wò mí. "Ìyàwó yín kẹ̀? Ọmọ yín ní òṣìṣẹ́ báńkì ni ìyá òun."

Báńkì! Báńkì wo? Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi, kì í ṣe ti iye aago. Bóyá o rò pé ohun tí ọwọ́ kò kàn ló ń níye lórí. Àìmọ̀kan nìyẹn, ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà, o kò sì béèrè. Mo lè fi jì ọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi ojú rẹ̀ méjèèjì tún aago ṣe láti rán ọ níléèwé, tí kò lè fi òwú sí abẹ́rẹ́ mọ́ níkẹyìn, o tijú rẹ̀ níwájú ẹni tó wọ táì. Ẹni tó wọ táì ọ̀hún ló ń bi mí bóyá ó kọ́ ẹnì kan níṣẹ́ náà kó tó lọ.

Mo ti gbé ìwé tí ìyá rẹ ń kọ àtúnṣe aago náà sí lọ fún un: ọjọ́, ohun tó pààrọ̀, bí aago ṣe ń sáré tàbí tó ń lọ́ra. Ó ní pẹ̀lú irú ìwé yìí, òun á san iye rẹ̀ ní pípé, nítorí ohun tó ń fi ọkàn ẹni tó ń ra aago àlòkù balẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé ìyá rẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a ṣí i, tìrẹ ní a kò ṣí i rí. Ó ní òun kò lè ta aago tí ìwé rẹ̀ ń bá ara wọn jà, pé ẹni tó kọ irọ́ ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.

Nítorí náà, má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Mú bírò, kọ ọ́ báyìí: "Aago yìí, ìyá mi ló ń tún un ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn." Fọwọ́ sí i, fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù náà kí oṣù yìí tó parí. Ìwọ ni ìyá rẹ fi aago náà sílẹ̀ fún. N kò ní bu nínú owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ kò bá lè kọ ọ́, èmi á lọ gbà á padà. N kò ní jẹ́ kí wọ́n ta ohun tí obìnrin yẹn tọ́ dàgbà bí ẹni pé kò níyàá.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kó fún ọ ní ọmọ tó gbọ́n jù ọ́ lọ. Kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ má di ohun tí ọmọ bíbí inú rẹ yóò sẹ́ níwájú àjèjì.

Èmi ni bàbá rẹ,
ọkọ Aláago.

Àfikún: Má pè mí lórí fóònù ná. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ìbínú mi á yọ́, àkókò rẹ̀ kò sì tíì tó. Rí i pé ò ń jẹun.