Páìpù Ń Jò, Kì Í Ṣe Pé Ó Ń Jó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí ẹni tí ara ń ni kì í pẹ́ kó tó pe ìyá rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ lórí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́fà tí o ń gùn lójoojúmọ́. Èmi wà, bàbá rẹ náà wà. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n má bá ọ jà nínú lẹ́tà yìí. Mo ti kí ọ.

Ní báyìí, jẹ́ kí n to ohun tó bàjẹ́ àti ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, torí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ ìṣòwò pé ìṣòro tí kò bá ní olúwa kì í tán. Páìpù gáàsì tó gba ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì wa kọjá ti ń jò fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ibùdó gáàsì mọ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ó-Di-Ọ̀la, torí kí òórùn tó dé imú wa ló ti fi àkísà so fáàfù tí wọ́n fi ń ti gáàsì nínú ọgbà rẹ̀. Ilé iṣẹ́ gáàsì mọ̀, torí a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ìwọ náà mọ̀, torí ìwọ lo bá mi tẹ̀ ẹ́ nígbà tí o wálé, o ń tẹ̀, o ń jẹ búrẹ́dì. Láti ìgbà yẹn, a ò gbọdọ̀ ṣáná sí ààrò mọ́, kí ilé má bàa gbiná. Obìnrin méjìdínlógún inú ẹgbẹ́ wa jókòó sílé, ọwọ́ gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Ilé ìwé tó ń gba igba búrẹ́dì lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀ ní bí a kò bá gbé búrẹ́dì dé lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwọn á fi ẹlòmíràn rọ́pò wa. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, mo sì kọ lẹ́tà yìí láti sọ fún ọ pé a ti borí rẹ̀.

Ṣé o rántí ohun tí o tẹ̀? O kò fi àmì kan sórí ọ̀rọ̀ kankan. O kọ ọ́ pé, Paipu gaasi yin n jo leyin ile buredi wa. Kí o tó gbé fóònù kalẹ̀ ni wọ́n ti fèsì pé wọ́n ti gbọ́, wọ́n fún wa ní nọ́ńbà 40,816, wọ́n sì ní kí a má fèsì. Ìwọ padà sí ìlú, èmi sì jókòó ti nọ́ńbà. Mo gbà pé ipò mi lórí ìlà ni. Mo ṣírò ó: bí wọ́n bá ń dá ọgọ́rùn-ún ènìyàn lóhùn lóòjọ́, yóò gbà ju ọdún kan lọ kó tó kàn mí. Mo wá bi bàbá rẹ pé ọmọ ta ni yóò kọ̀wé sí àgbàlagbà, tí yóò wá ní kí àgbàlagbà má dá òun lóhùn. Bàbá rẹ ní bóyá ojú ń tì í.

Nígbà tó yá, èsì gidi dé. Àwọn náà kò fi àmì sí i. Wọ́n ní kí a má ṣèyọnu, pé ohun tí àwọn fẹ́ gan-an ni pé kó maa jo. Mo kà á sí ijó. Mo pe ẹgbẹ́ jọ, mo sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ gáàsì ní kí páìpù máa jó. Igbákejì mi, Ìyá Ìwúkàrà tó ń po ìyẹ̀fun, ní èébú ni, wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlòmíràn béèrè pé ta ni yóò wá kọrin fún un. Mo ní kí wọ́n panu mọ́, kí a ṣiṣẹ́.

Bàbá rẹ ló fún wa lọ́gbọ́n, kí n má purọ́. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń lẹ táyà, omi ọṣẹ kò tíì ṣì òun lọ́nà rí: ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń yọ́ jáde, ibẹ̀ ni ọṣẹ á ti hó. Mo pín àwọn obìnrin sí mẹ́ta-mẹ́ta. Mo gba fóònù àti ìṣáná lọ́wọ́ gbogbo wọn, mo fún wọn ní abọ́ omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń pa òróró sí agolo búrẹ́dì. Láti ẹ̀yìn ilé wa títí dé etí ọ̀nà, oríkèé páìpù mọ́kànlélógójì ló wà níta ọgbà. A kun gbogbo rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Mẹ́sàn-án ló hó, ọ̀kan nínú wọn ń wú bí ìyẹ̀fun tó gba ìwúkàrà, ó ń dún ṣìì bí ejò. A so aṣọ àpò ìyẹ̀fun mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Mo wá dúró lẹ́bàá ògiri wa, níbi tí òórùn kò dé, kí n ya fídíò ránṣẹ́. Mo na fóònù sí páìpù fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo ń ṣàlàyé pé ó ń jò níhìn-ín, ó ń jò lọ́hùn-ún, ẹ wo bó ṣe ń jò. Ìgbà tí mo wò ó, iwájú orí mi ni mo yà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá Ìwúkàrà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní oríkèé kejìlélógójì rèé. Mo fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí mi ò ní ìṣẹ́jú mẹ́rin mìíràn tí mo máa fi ṣòfò.

Ọmọ mi, iwájú orí yẹn ló gbà wá. Ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin ẹnjiníà kan dé. Ó ní páìpù gíga kan wà nínú ibùdó tí àwọn ti ń dáná sun àjẹkù gáàsì, pé òun ni wọ́n rò pé à ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó ń jó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kó máa jó, torí èyí tó jóná kì í ba ojú ọ̀run jẹ́ tó èyí tó sá lọ ní tútù. Ó ní ìgbà tí wọ́n gbọ́ ohùn mi nínú fídíò ni gbogbo ọ́fíìsì tó mọ àṣìṣe wọn, torí kò sí ẹni tó lè gbọ́ jò kó pè é ní jó. Ó tọrọ àforíjì. Mo ní kó fara balẹ̀, ọmọ mi ló tẹ̀ ẹ́.

Ó ní mítéènì ló ń jáde. Èmi gbọ́ ọ sí mítìn. Mo ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n fún mítìn, mi ò mọ̀ pé inú páìpù ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí. Ó mi orí, ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ó wá ṣàlàyé pé gáàsì inú páìpù yìí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pé láàárín ogún ọdún, ooru tó ń há mọ́ ayé jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rin ti afẹ́fẹ́ èéfín tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Mo bi í pé, ọjà tí ẹ ń tà ń dà nù lójú ọ̀nà, ẹ wá ń wo ojú ọ̀run? Bí agbọ̀n búrẹ́dì mi bá lu, agbọ̀n ni mo máa kọ́kọ́ dí. Ó ní òun á kọ ìyẹn sínú ìròyìn òun.

Ó mú kámẹ́rà kan jáde tó ń rí ohun tí ojú kò lè rí. Mo tún ìborí mi ṣe, mo dúró gangan. Ó ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níwájú páìpù. Kámẹ́rà fi hàn pé gáàsì ń yọ bí èéfín níbi mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí a so aṣọ mọ́, ọ̀kan kò yẹ̀. Ó ní owó kámẹ́rà náà tó kọ́ ilé. Mo fi ìyókù ọṣẹ mi hàn án. Ó wá yí i sí inú ọgbà, ó rí ìkẹwàá lábẹ́ àkísà, òun ló tóbi jù. Ó-Di-Ọ̀la ní òun ti fẹ́ sọ ọ́ lọ́la.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi pààrọ̀ wáṣà àwọn oríkèé, tí wọ́n fi de gbogbo bóòtù le. Mo ní a ò ní gba ìwé pé iṣẹ́ ti parí títí a ó fi tún un kùn. A kùn ún. Ọṣẹ kò hó, ó kàn ń wò wá. Wọ́n buwọ́ lu ìwé pé kí a ṣáná, wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ wa máa kun páìpù yẹn lóṣooṣù, àwọn á máa sanwó iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ìrírí wa nínú iṣẹ́ gáàsì. Mo kọ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Ó béèrè ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́. Mo kọ orúkọ bàbá rẹ, mo ní onítáyà ni. Wọ́n gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó ku ohun kan. Kòkòrò ti ba ìyẹ̀fun wa jẹ́. Owó àpò ìyẹ̀fun mẹ́wàá ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ, mi ò fẹ́ gbọ́ pé, Màmá, mo máa wò ó. Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ rẹ, ohun tí o bá ń wá á máa wá ọ, ọmọ rẹ náà kò ní jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́. Onííyẹ̀fun ń ti ìsọ̀ rẹ̀ ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀ Àbámẹ́ta la máa ṣáná. Bí owó náà kò bá dé kí aago méjìlá tó lù, ọkọ̀ aago kan ni mo máa wọ̀ wá bá ọ, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni mo sì máa sùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Alága.