Bàtà Tó Ń Dá Rìn

Ajé, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Èmi nìkan ni ìwé yìí wà fún. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, nítorí náà bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ wọ́gọwọ̀gọ, kò sẹ́ni tó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀sẹ̀ méje rèé tí mo délé ọkọ. Tó bá wà nílé, mi ò mọ ibi tí mo lè gbójú sí. Tó bá jáde, ilẹ̀kùn ni mo máa ń wò. Olójúkan ni mo ń pè é níbí. Kámẹ́rà ló fà á — ojú kan á padé, ojú kan á là, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò mọ̀ pé mo sọ òun lórúkọ.

Ọdún kìn-ín-ní rẹ̀ nìyí nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Fọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn. Ó ti ya àkàbà ilé, omi tó dà sórí tábìlì, ẹ̀yìn mi níbi tí mo ti ń ránṣọ. Gbogbo rẹ̀ ló fi pẹ́ẹ̀gì mi há sórí okùn. Ó wá kan fíìmù báyìí. Kámẹ́rà ilé ẹ̀kọ́ tó gbé wálé lónìí, ó wúwo bí irin ìlọṣọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

A bẹ̀rẹ̀. Bàtà dúdú rẹ̀ ni òṣèré. Kámẹ́rà wà lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kò gbọdọ̀ mira. Èmi á sún bàtà ọ̀tún ní ìwọ̀n ìka kan, màá sá sẹ́yìn, òun á tẹ̀ ẹ́ — kẹ. Màá sún tòsì — kẹ. Ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ mi la fi ń sàmì sílẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá fi gbogbo rẹ̀ hàn tẹ̀léra, bàtà á máa dá rìn láìsí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ní ta ló máa gbà á gbọ́. Ó ní ojú á gbà á, ojú kì í bèèrè ọ̀rọ̀.

Aago mẹ́jọ títí dọ̀sán. Mo bi í pé báwo lèyí ṣe máa gùn tó. Ó ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Gbogbo àárọ̀ wa! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ ẹ̀rín mi rí. Ojú tì mí, mo dìde lọ pọn omi tí a kò nílò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ẹ̀yìn ń dùn mí. Inú mi náà ń dùn.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi nídìí oúnjẹ, kò gbórí sókè. Olùkọ́ wọn — obìnrin ni, wọ́n ní kì í pariwo, ìyẹn ló sì ń bà wọ́n lẹ́rù — ti sọ fún un pé ojú rẹ̀ ò ní sùúrù, ó ń kánjú. Fíìmù yìí ló máa sọ bóyá ó máa wọ ọdún kejì. Tí kò bá wọlé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀ dè é nílé ìtẹ̀wé, nídìí ẹ̀rọ. Baba náà ní àwòrán kì í ṣe iṣẹ́, pé eré àwọn ọmọ tí kò tíì mebi ni.

Ó ní, "Tí mo bá débẹ̀, mi ò ní gbé kámẹ́rà mọ́."

Mo ní, "Ẹ máa wọlé."

Ó ní kí n yé pe òun ní "ẹ", ṣé òun bí mi ni? Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ó fọwọ́ borí.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti dáràn.

Ó ti lọ gba fíìmù sí i nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí Màmá pè, ìyá rẹ̀, pé àwọn ti wà lọ́nà. Wọn ò wo yàrá wa rí. Mo wo ilẹ̀: bàtà láàárín ilé, ṣọ́ọ̀kì káàkiri bí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, àga kọ̀yìn sógiri. Ó ti kìlọ̀ pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Àmọ́ ìyàwó wo ni ìyá ọkọ máa bá nínú irú ilé báyìí? Ẹnu ni wọ́n máa fi gbé e kiri.

Mo gbá a. Mo nù ún. Mo gbé bàtà sábẹ́ ibùsùn, mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sígun ilé. Màmá jókòó, wọ́n fẹsẹ̀ ra ilẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọwọ́ rẹ mọ́." Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mò ń ṣe àmín, òógùn ń bò mí.

Bí wọ́n ṣe lọ tán ni mo kúnlẹ̀. Mo fi orí rántí gbogbo rẹ̀, mo sì ń tò ó padà: ibi tí ẹsẹ̀ àga wà, àmì ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, bí aṣọ fèrèsé ṣe ká. Ó wọlé, ó wo inú kámẹ́rà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Àbí mo ti ń gbàgbé ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mò ń sún bàtà.

Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Mi ò tíì sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Fíìmù parí. Ó ti gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fọ̀ ọ́. Ó ń súfèé lórí àtẹ̀gùn. Ó ṣeé ṣe kó má hàn — mo ṣáà dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ó hàn.

Ó ní bàtà rìn. Ó ní ó rìn débi pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń pàtẹ́wọ́. Ló bá di agbedeméjì, gbogbo yàrá fò. Àga fò, fèrèsé fò, bàtà ṣe bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Olùkọ́ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀. Olùkọ́ pa ìwé wọn dé.

"Ojú mi ni," ó ní. "Obìnrin yẹn ti rí i tipẹ́."

Mò ń ránṣọ lọ ní tèmi. Ìgbà tí mo wò ó, mo ti rán ẹnu apá ẹ̀wù oníbàárà pa.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ó ti já àwọn fọ́tò rẹ̀ kúrò lórí okùn. Ó kọ lẹ́tà sí ilé ìtẹ̀wé, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ó dá pẹ́ẹ̀gì mi padà fún mi, ó ní kí n máa fi sá aṣọ. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo ti sọ ọ́. Mi ò lè wojú rẹ̀ sọ ọ́, nítorí náà mo dúró dìgbà tó wọ balùwẹ̀. Mo faramọ́ ilẹ̀kùn. Mo ní, "Kì í ṣe ojú yín. Èmi ni. Màmá ń bọ̀, mo nulẹ̀, mo gbé gbogbo ẹ̀ kúrò, mo tún un tò, mi ò sọ fún yín." Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láìmí.

Omi dákẹ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ọṣẹ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Ó ti tó ọjọ́ méjìlá. O wá ń wò mí tí mò ń pe ara mi láfọ́jú?"

Ó padà wọlé, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ì bá gbá a, ì bá sàn fún mi.

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Kò jẹ oúnjẹ àárọ̀ tí mo gbé fún un. Ó mú lẹ́tà, ó jáde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn títí ó fi dé.

Ilé ẹ̀kọ́ ló lọ. Ó ti ro ẹjọ́ fún olùkọ́, wọ́n sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti tún un yà tán, wọn ò ní fi ọjọ́ kan kún un. Ó ní ohun tí wọ́n bi òun jù nípa èmi ni: ṣé orí nìkan ni mo fi tún yàrá náà tò? Wọ́n ní kí òun mú mi wá lọ́jọ́ ìfihàn. Mo ní láéláé.

Ó fa lẹ́tà náà yọ lápò, ó ya á sí méjì, ó fún mi ní ààbọ̀ kan kí n yà á sí i. "Inú ṣì ń bí mi o," ó ní. "Níbo ni ṣọ́ọ̀kì wà?"

Ajé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Iṣẹ́ ni ṣáá. Mo ti fi ìkọ́ ti ilẹ̀kùn. Ó máa ń bi mí "Ṣó tó?" kó tó tẹ̀ ẹ́ báyìí. Màmá pè, Olójúkan ní kí wọ́n dákun kí wọ́n má tíì wá, ilẹ̀ wa ń ṣiṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo sọ fún un lónìí pé, "O ti dúró síwájú iná." Ó bọ́ lẹ́nu mi ni. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, àmọ́ etí rẹ̀ pọ́n.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Mo lọ. Ìjókòó tó kẹ́yìn ni mo yàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, torí bó bá di pé kí n sá.

Wọ́n ta aṣọ funfun sí ògiri, wọ́n ti fèrèsé. Bàtà yọ lábẹ́ ibùsùn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rìn yí àga ká bí ẹni tó sọnù. Ó tọ sálúbàtà mi lọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. Ó tún sún mọ́ ọn. Èmi ni mo sún un níkọ̀ọ̀kan, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sún títí mo fi rí i lórí aṣọ yẹn. Àwa ni.

Yàrá kò fò. Àmọ́ ibi tí bàtà ti dé ọ̀dọ̀ sálúbàtà gan-an, nǹkan kan ṣẹ́jú bí mànàmáná: ìka mẹ́ta àti òrùka. Ó ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó sá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ ní kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Ọwọ́ mi tóbi lára ògiri, tòun ti àwọn ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún mi níka.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

Ó ti dìde níwájú, mo mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ sọ pé òun ló kánjú, pé òun máa gé e kúrò. Ẹsẹ̀ mi dìde kí n tó rán an níṣẹ́.

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni, mà."

Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Mi ò jókòó.

Olùkọ́ wò mí, wọ́n wo ògiri, wọ́n tún wò mí. Wọ́n ní kó má gé e. Wọ́n ṣí ìwé wọn, wọ́n kọ nǹkan sí i, wọ́n sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wọn yẹn sọ ọ́: ọdún kejì.

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà, mo sì gbọ́ ọ kedere.