Orí Ẹni Kọkànlélógójì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìwé ni mo ti ń kúnlẹ̀.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Kámẹ́rà kékeré kan ni mo máa ń gbé lé orí àwọn oníbàárà. Á sọ irun ẹyọ kan di ńlá bí okùn tí a fi ń sá aṣọ, a ó sì rí i bóyá èépá ló dí ihò irun tàbí awọ orí ló gbẹ. Orí àjèjì ni mò ń yà lójoojúmọ́. Láti ọdún méjì tí mo ti dé ibí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan tèmi.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, oníbàárà ti tán, mi ò sì fẹ́ tètè délé, torí kò sí ẹni tí yóò kí mi káàbọ̀. Mo bá gbé kámẹ́rà sẹ́yìn orí ara mi. Ẹ̀rọ yìí kì í ya ẹni tí kò ní nọ́ńbà, ni mo bá tẹ mọ́kànlélógójì, èyí tó tẹ̀lé ti oníbàárà ìkẹyìn. Ibì kan ti pá tó àtàǹpàkò. Mo sáré pa ẹ̀rọ náà, mo gbàgbé láti nu àwòrán kúrò.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀gá wa obìnrin ń yẹ àwòrán wò. Ó ní, "Ta ni ẹni kọkànlélógójì? Ẹ wo bí irun ṣe kán, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Àìsàn kọ́ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tu ú, kò sì mọ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé òun nìkan ló ń gbé." Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí; èmi olórí dúró síbẹ̀, wọ́n ń fá a lọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti lọ sunkún.

Màámi, mo parọ́ fún yín. Nígbà tí ẹ ní ẹ fẹ́ wá bá mi gbé, mo ní yàrá mi kéré. Kò kéré rárá. Ojú ló ń tì mí, mi ò fẹ́ kí ẹ rí i pé mi ò lẹ́nì kankan.

Ọ̀gá ní kí n wá fọ́ọ̀mù ẹni náà jáde. Kò ní fọ́ọ̀mù, mo bá jókòó kọ ọ́, mo kọ orúkọ ara mi sí i. Ìlà kan wà nísàlẹ̀: ta ni yóò máa bá ọ wo ẹ̀yìn orí nílé? Mo mú bírò dání títí. "Ìyá mi" ni mo kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀, ẹ má jẹ́ kí n tún parọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí fún mi, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ lọ́nà.

Èmi ni àbíkẹ́yìn yín, olórí líle.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: ẹ mú òòyà onígi yẹn dání, èyí tí ẹ fi ń ya irun mi ní kékeré, tí eyín rẹ̀ kan ti kán. Bó ti wù kó dùn mí tó, mi ò ní pariwo.