Òrùka Dúdú Nílé Olópòó

Àlàmísì, 1/5/2025
Gbọ̀ngàn Ilé Olópòó, wákàtí mẹ́rin: £160. Ẹ̀wà, epo, ata ní ọjà Rye Lane: £38. Ewé: £9. Nínú £250 ẹgbẹ́ asàlátù, ó ku £43. Ilé ìdáná wọn, £60 lọ́tọ̀. Mi ò san án. Wòlímọ̀ ọmọ méje ni, kì í ṣe ìgbéyàwó. Mo ní sítóòfù kékeré onígáàsì nílé.

Sátidé, 3/5
Ilé Olópòó. Ilé ìwé àtijọ́ tí wọ́n sọ di ilé àṣà. Òpó òkúta mẹ́fà níwájú, bíi kóòtù. Gilbert tó ń ṣọ́ ọ — Baba Kọ́kọ́rọ́ ni mo ń pè é — ṣílẹ̀kùn fún mi ní wákàtí kan ṣáájú àsìkò. Ó ní ibẹ̀ lòun ti kàwé lọ́mọdé, kí n má dárúkọ owó. £40 lọ́fẹ̀ẹ́!

Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo ti ń gbé mọ́ínmọ́ín gbóná lórí sítóòfù mi. Ó kan Rahmah ọmọ mi láti ké Kùránì, mo sáré lọ gbọ́. Kí n tó padà — òrùka dúdú lára pákó ilẹ̀, ó fẹ̀ ju àwo lọ. Mo tẹ́ ẹní mi lé e. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Sọ́ńdè, 4/5
Mo jẹ mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ́kù. Mo da ìdajì nù.

Àlàrùbá, 7/5
Alhaja Hàlímọ̀tù, alága wa, pè mí. Àwọn Ilé Olópòó kọ̀wé: pákó ayé àtijọ́ ni, £420 ni àtúnṣe. Ṣé àwa la jó o?
Mo ní, "Alhaja, a ò sanwó ilé ìdáná. Níbo la ti máa dáná?"
Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Nímọ́tà! Mo mọ̀ pé o ò lè ná £60."
Ahun mi ló gbà mí sílẹ̀. Ojú tì mí.

Mọ́ńdè, 12/5
Mo pàdé Gilbert níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gba iṣẹ́ Sátidé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní òun ló ṣílẹ̀kùn láìgbàṣẹ, òun náà ló ń gbé oúnjẹ gbóná níbẹ̀. Ó bi mí bóyá Rahmah ṣì ń kéwú. Ó wá fa ẹní mi yọ nínú báàgì, ó ti ká a dáadáa.
Ó ní, "Ẹní yín rèé. Mi ò fi hàn wọ́n."
Mo dúpẹ́. Ọpẹ́ nìkan. Bọ́ọ̀sì dé, mo wọ̀ ọ́.
Nígbà tí mo tú u nílé, òrùka náà wà lábẹ́ rẹ̀, roboto.

Jímọ̀, 16/5
Mo gbé ẹní lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo fi £60 ti ara mi sílẹ̀, owó ilé ìdáná tí mo sá fún. Wọ́n ní ẹlòmíràn ti gba Sátidé Gilbert.
Mo ti kọ gbèsè mi sẹ́yìn ìwé yìí: pákó, ó ku £360. Gilbert, wákàtí mẹ́jọ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti 10/5. Mi ò tíì san kọ́bọ̀ fún un.