Ẹ̀ẹ̀kan Ṣoṣo Ni Wọ́n Ń Bi Èèyàn Níbí

                                                  Ilé Kẹrìnlá, Àjà Kẹta,
                                                  Àdúgbò Holma,
                                                  Malmö, Sweden.
                                                  Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 2017.

Eṣrat, ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ìyá,

Ṣé o wà? Ṣé orúnkún rẹ ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Bàbá Manuchehr ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti òjò Rasht ìlú wa tí kì í sinmi? Mo gbọ́ pé igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé rẹ so jìngbìnnì lọ́dún yìí, mo sì jowú. Èmi náà ń bẹ. Ara le, inú nìkan ni kò dùn. Má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín o. Ìwọ̀nba ìwé tí a jọ kà nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà náà ni mo ṣì ń ná. Taraneh ní òun á bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, nítorí òun gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

O rántí bí ọmọ-ọmọ mi yìí ṣe mọ abẹ́rẹ́ lò láti kékeré. Nígbà tí a dé ibí, ó rí ibi kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń rán kọ́tìnì. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Gunvor ló ni ín, ó ga bí òpó iná, kì í pariwo, kì í sì í rojọ́. Gbogbo ohun tí ọmọ lè ṣe kó lè dà bíi wọn ni Taraneh ṣe. Ó kọ́ èdè wọn títí ó fi ń fi í sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó ń jẹ ẹja wọn tó kan tó sì tún dùn bíi ṣúgà. Nínú bọ́ọ̀sì, á lọ dá jókòó bí ẹni tó ń bínú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ gidi nìkan ló kù. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ń parí lọ, bí kò bá sì níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, wọ́n lè ní kó máa lọ sílé.

Ó wá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gunvor pè é, ó ní, "Taraneh, iṣẹ́ rẹ dára. Mo fẹ́ gbà ọ́ pátápátá. Ṣé wàá dúró?" Kí ni ọmọ tí a kọ́ nílé máa sọ? Ó tẹrí ba, ó ní, "Háà, rárá o. Ta ni mo jẹ́? Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ." Ìwọ náà á sọ bẹ́ẹ̀. Ológbò Rasht pàápàá á sọ bẹ́ẹ̀! Ó wá dúró kí obìnrin náà bẹ òun lẹ́ẹ̀kejì, kó tún kọ̀ díẹ̀, kó tó wá gbà ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Eṣrat, obìnrin náà ní, "Ó dáa, mo gbọ́. O ṣeun tí o sọ òótọ́ fún mi." Ló bá kọjú sí aṣọ tó ń gé. Ó parí! Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti gba ẹlòmíràn, wọ́n sì ra kéèkì láti fi kí Taraneh pé ó dìgbóṣe.

Ọmọ náà wọlé pẹ̀lú kéèkì lọ́wọ́, omijé lójú. Ó ní, "Ìyá àgbà, wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́!"

Inú bí mi dé ìka ẹsẹ̀. Mo ní àgbà kì í wà ńlé kí ọ̀rọ̀ ọmọ wọ́. Mo yan kolucheh, àkàrà dídùn ilẹ̀ wa tó ní asálà nínú, mo so ìborí mi, mo ní kó mú mi lọ síbẹ̀. Gunvor ní ṣé mo máa mu kọfí. Mo ní, "Rárá, ẹ má ṣèyọnu." Ó gbé ife náà padà! Ọ̀fun mi gbẹ títí a fi kúrò níbẹ̀. Mo gbé kolucheh fún un, mo ṣebí á kọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun," ó ju ọ̀kan sẹ́nu lójú mi.

Mo ní kí Taraneh sọ fún un pé ọmọ ilé rere lòun, pé rárá tí òun sọ kì í ṣe rárá. Kò tilẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ó nà ṣánṣán, ó sì sọ tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Látìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti fẹ́ ẹ."

Gunvor la ẹnu sílẹ̀. "Kí ló wá dé tí o ò sọ? Mo ti fún ẹlòmíràn, mi ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́."

Mo rí i lójú obìnrin náà pé iṣẹ́ náà ti bọ́, mo dìde. Taraneh ò dìde. Ó ní, "Ta lẹ tún mọ̀ tó ń wá aránṣọ? Ẹ bá mi pè é nísinsìnyí." Ìtìjú fẹ́ pa mí! Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò kà mí sí. Gunvor mú fóònù, ó pe ilé eré kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ fún àwọn òṣèré. Ọkùnrin ibẹ̀ béèrè bóyá ọmọ náà lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Taraneh fi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ríṣẹ́ gidi. Gbogbo ará ilé wa ní kí n máa yọ̀. Èmi ò yọ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ sí, òun ló ń tọrọ rẹ̀ bí ẹni tọrọ iyọ̀. Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ṣé ojú àjèjì ni a ti ń ṣípá?

Nínú bọ́ọ̀sì mo bi í pé, "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ ńkọ́? Tí àlùfáà bá bi ọ́ lẹ́ẹ̀kan bóyá o gbà láti fẹ́ ọkọ, wàá kàn dáhùn gbàù? O ò ní jẹ́ kí àwọn obìnrin pariwo pé ìyàwó lọ já òdòdó, kí wọ́n tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta bí a ti bi ìyá rẹ?"

Ó ní, "Ìyá àgbà, ibí kọ́. Tí mo bá lọ já òdòdó, kí n tó dé, ẹlòmíràn á ti jókòó sórí àga mi."

Eṣrat, mo wá èsì tì. Mo wá a dé ilé, mo wá a dé orí ibùsùn. Ìwọ lẹnu ẹ mú nínú àwa méjèèjì. Bá mi wá ohun tí mo máa sọ fún ọmọ yìí, kí o sì tètè kọ ọ́ ránṣẹ́, nítorí ó ṣì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Bá mi kí Bàbá Manuchehr, kí o sì bá mi kí Forugh àbúrò rẹ àti gbogbo ará àdúgbò tó bá béèrè mi. Àwọn tí kò béèrè, má kí wọn.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní yí padà,
Kokab.