Má Wọ Ẹ̀wù Panápaná Yẹn

Èyítáyọ̀ ọmọ ọmọ mi,

Jọ̀ọ́, má wọ ẹ̀wù panápaná ẹ lọ bá àwọn panápaná abúlé yín ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lónìí o! Nígbà tó o ṣì ń hanrun, mo gbàdúrà sí i, mo sì fi òróró àdúrà ra á látọrùn dé ìdí. Ìgbà tí mo ṣàmín tán lorí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé: òróró kẹ̀, lára ẹni tó ń wọnú iná! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára, lẹ́yìn náà ni àyà mi já.

Sọ fún ọ̀gá yín pé ìyá àgbà ló bà á jẹ́, kí wọ́n yá ẹ ní òmíràn. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Stockwell, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé yìí sílẹ̀ fún ẹ.

Mi ò ní sọ pé kó o fi iṣẹ́ panápaná tí wọn kì í sanwó ẹ̀ fún ẹ yẹn sílẹ̀ mọ́. Lọ bá wọn paná ilé wọn, ṣùgbọ́n bá mi gbé ara ẹ wálé lódidi.

Màmá ẹ àgbà