Abẹ́rẹ́ Géèjì Tó Parọ́ Mọ́ Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà

                                        Ilé Màmá,
                                        Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí àbíkẹ́yìn tó ń yọ eyín? Ẹ̀yìn tó ń dùn yín nígbà tí ẹ kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti fi yín sílẹ̀? Ẹ má máa gbé ọmọ pọ̀n jù o. Àwa níbí ò ṣàìsàn, a ò sì rí ibi. Màmá ń jẹun, wọ́n sì ń bá mi jà, a jẹ́ pé ara wọn le.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń sọ pé kí n yára sọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Ẹ jókòó. Tí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ kí ẹ tó kà á síwájú. Bọ̀ọ̀dá Káfíńtà ò jí epo! Mo ní Bọ̀ọ̀dá ò jí epo kankan! Mo ti rí ẹlẹ́rìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á jáde látinú táǹkì Adúmáadán ọkọ̀ Màmá, ó sì jẹ́wọ́ lójú Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe yẹ, ayọ̀ ló ń tì mí. Ẹ ò sí nílé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ìjà ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lẹ bá. Bọ̀ọ̀dá wá kan kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ fún Màmá ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n yá ọkọ̀ Màmá lọ kó pákó, wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, òjò dá wọn dúró, wọ́n sì sùn tì wá. Kí Màmá tó wọlé lọ sùn, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, wọ́n wo géèjì epo: ó wà ní ìdajì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí wọ́n fi wá pe Màmá pé obìnrin kan ń rọbí. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà tí Màmá ṣì ń ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, tí wọ́n bá ti gbọ́ “ń rọbí” báyìí, wọn kì í wo ọ̀tún, wọn kì í wo òsì. Ọkọ̀ dákú sójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan tó dúró ràn wọ́n lọ́wọ́ ti igi bọ táǹkì, igi jáde ní gbígbẹ. Màmá wo géèjì, abẹ́rẹ́ ti dùbúlẹ̀ sórí òdo. Wọ́n bọ́ bàtà sọ́wọ́, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀hún, ọmọ sì ti wáyé kí wọ́n tó dé. Ọmọ yè, ìyá yè, ṣùgbọ́n ojú ti Màmá.

Ìdajì lálẹ́, òdo láàárọ̀, rọ́bà tí a fi ń bomi rin òdòdó sì wà lórí ọgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Kí ló tún kù? Màmá ní Bọ̀ọ̀dá ló fa epo lọ tà. Bọ̀ọ̀dá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò fọwọ́ kàn án.” Màmá ní, “Ṣé géèjì ló wá ń parọ́ ni?” Bọ̀ọ̀dá kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Láti ọjọ́ náà ni kọ́bọ́ọ̀dù ò ti ní ilẹ̀kùn, aṣọ ni Màmá ta bò ó. Wọn ò wa ọkọ̀ náà mọ́, wọn ò sì dárúkọ àbúrò wọn kan ṣoṣo mọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ fún wọn lójú pé Bọ̀ọ̀dá ò lè ṣe irú ẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí ojú yín rí.

Ó wá di oṣù tó kọjá, Màmá ní tí mo bá lè jí Adúmáadán lójú oorun, kí n máa gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe bíi tèmi ò sì bẹ̀rù irin. Mo ra bátìrì tuntun, mo fọ ohun tó yẹ ní fífọ̀, mo da kẹ́ẹ̀gì epo kékeré kan sí i. Ó wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dáhùn! Mo wo géèjì: ìdajì. Kẹ́ẹ̀gì kan péré, nínú táǹkì ńlá yẹn! Mo wà á yí àdúgbò ká títí, ìdajì. Mo tún ra kẹ́ẹ̀gì méjì dà sí i, ìdajì. Abẹ́rẹ́ yìí dúró síbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ní kó dúró de ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

Mo pe Rìwáyà, ọkùnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe nítòsí ilé-ìwé. Ó kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín tán, ó wá ní kí n má tíì dá géèjì lẹ́bi. Ó ní nǹkan kan wà nínú táǹkì tí àwọn ń pè ní fúlóòtì: apá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ohun tó ń léfòó lórí epo. Bí epo bá ń lọ sílẹ̀, apá náà á máa bá a lọ sílẹ̀, òun ló sì ń gba inú wáyà ránṣẹ́ sí géèjì níwájú. Géèjì fúnra ẹ̀ ò fojú kan epo rí. Ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló ń sọ.

Ó ní kí n fa wáyà kúrò lórí fúlóòtì, kí n wò ó. Mo ká ẹní inú búùtù, mo ṣí ọmọrí, mo fa wáyà, mo sáré lọ síwájú: abẹ́rẹ́ ti já wá sórí òdo! Mo sáré padà, mo so ẹnu wáyà náà mọ́ irin ara ọkọ̀ níbi tó jìnnà sí táǹkì, mo tún sáré lọ: abẹ́rẹ́ ti gòkè dé ibi tó kún! Mo pariwo. Màmá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní ṣé inú ló ń run mí tí mo fi ń sáré lọ sáré bọ̀. Mi ò tiẹ̀ ráyè dá wọn lóhùn. Ara géèjì le, ara wáyà le, ẹni tó wà nínú táǹkì ni òpùrọ́!

Ibi tí mo ti ń palẹ̀ mọ́ ni ọ̀rọ̀ gidi ti bá mi. Mo dá wáyà padà sáyè ẹ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́, ojú mi sì ṣèèṣì lọ sára géèjì. Òdo. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo yí i: ìdajì. Mo yọ ọ́: òdo. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, tí kọ́kọ́rọ́ ò bá sí níbẹ̀, abẹ́rẹ́ á sùn, epo ìbáà kún dé ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi, orí mi wú. Ìdajì tí Màmá rí lálẹ́, irọ́ ni. Òdo tí wọ́n rí láàárọ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti yọ kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n tó wò ó. Epo ò sá lọ síbì kankan. Láti alẹ́ ni kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan nínú táǹkì yẹn!

Mi ò tíì sọ fún Màmá lọ́jọ́ yẹn. Ẹ mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ tí wọn ò bá lè fọwọ́ dì mú, wọn ò ní gbà á. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ọkọ̀ síta gbangba, mo tú bátìrì, mo ní kẹ́nikẹ́ni má dáná nítòsí. Òrùka irin ló de fúlóòtì mọ́ táǹkì. Rìwáyà ti kìlọ̀ pé irin ò gbọdọ̀ lu irin níbẹ̀ kó má lọ ṣáná, torí náà igi ni mo fi tì í, tí mo ń fi òòlù lu igi náà jẹ́jẹ́. Ó yí. Mo fà á jáde. Ẹ wá wo ìpẹtà! Mo gbé apá ẹ̀ sókè, mo jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó ń bọ̀ wálẹ̀, ó dé àárín, ó há. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, kò wálẹ̀ mọ́.

Mo pe Màmá. Wọ́n jáde pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ń ká lọ́wọ́, wọ́n fi awò sójú. Mo ní kí wọ́n gbé e sókè fúnra wọn. Wọ́n gbé e, wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀, ó há sí ìdajì. Wọ́n tún un ṣe, ó tún há. Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Wọ́n gbé fúlóòtì sílẹ̀, wọ́n ní, “Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn. Òun gan-an ni mo fi ń tọ́ka sí géèjì fún ọkùnrin tó dúró ràn mí lọ́wọ́.”

Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, òṣìkà ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka abẹ́rẹ́ kún ẹni tó ń rojọ́? Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, inú mi dùn, àánú wọn sì tún ń ṣe mí.

Rìwáyà bá mi rí fúlóòtì tuntun. Apá ẹ̀ gùn ju ti àtijọ́ lọ díẹ̀, mo bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo tẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi dọ́gba. Mo dì í, mo ń yan kiri. Nígbà tó yá, Màmá ní ilé ń rùn bí ilé epo. Mo ti gbàgbé rọ́bà abẹ́ ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí epo rùn jáde! Ọlọ́gbọ́n yín ló gbàgbé rọ́bà! Mo tún un tú, mo tún un dì. Nígbà tó wá gún, a yí kọ́kọ́rọ́, Rìwáyà ń da epo, èmi ń wo iwájú. Kẹ́ẹ̀gì kan, abẹ́rẹ́ gbéra díẹ̀. Òmíràn, ó tún gbéra. Àwa méjèèjì ń pariwo bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Ibẹ̀ la wà tí Màmá jáde. Wọ́n ti múra, báàgì wà lápá wọn. Wọ́n ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Mo ní ṣé kí n gbé wọn lọ ni. Wọ́n ní, “Ta ló ni ọkọ̀?” Wọ́n ní kí n mú fúlóòtì àtijọ́ yẹn dání.

Bọ̀ọ̀dá ń fá pákó nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù wọn. Orí wọn ti funfun, àbí lẹ́búlẹ́bú pákó ni, mi ò mọ̀. Wọ́n kí Màmá bí ẹni pé àná ni wọ́n ríra. Màmá ò jókòó. Wọ́n gba fúlóòtì lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́, wọ́n ní, “Òun ló parọ́ mọ́ ẹ. Èmi ni mo sì gbà á gbọ́, tí mi ò gba ìwọ ọmọ ìyá mi gbọ́. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, má bínú.”

Bọ̀ọ̀dá gbé apá irin náà sókè, wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀, ó há. Wọ́n ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan kékeré báyìí?” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú wọn. Èmi náà sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tó ṣe, wọ́n bi Màmá léèrè kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá ní aṣọ làwọn fi bò ó. Bọ̀ọ̀dá bọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé ilẹ̀kùn jáde, wọ́n ń fi apá aṣọ nù ún. Wọ́n ní, “Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo kàn án tán. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e wá ni.”

A so ilẹ̀kùn mọ́ orí ọkọ̀, èmi bọ́ sẹ́yìn, Bọ̀ọ̀dá jókòó níwájú. A ti rìn díẹ̀ kí Màmá tó sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Àbúrò mi, bá mi wo géèjì. Epo tó kù ńkọ́?” Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n ní, “Ìdajì ni, Ẹ̀gbọ́n mi.” Ìdajì! Mo di àga mú lẹ́yìn. Màmá ò wo géèjì rárá. Wọ́n ní, “Mo gbà ẹ́ gbọ́,” wọ́n sì yà sọ́nà ilé.

Ilẹ̀kùn náà ti wú díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ń fá a lọ́wọ́ nínú pálọ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, Màmá sì ń bá wọn jà pé wọ́n ń da ìdọ̀tí sílẹ̀. Màmá ní kí n kọ ọ́ gedegbe pé ẹ̀yin lẹ jàre, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi yangàn. Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Bọ̀ọ̀dá ní ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ má wọ ọkọ̀ èrò o, àwọn àti Màmá ló máa wá gbé yín.

Èmi náà ni, àbúrò yín tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń rùn fún epo,

Aláriwo.